Bàtà Ọkùnrin Lẹ́nu Ọ̀nà Da-on

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Iṣẹ́ mi ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Mò ń ṣọ́ ẹnubodè àwọn ilé alájà gíga kan ní ìlú Incheon, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí mi jù, òun gan-an ni mo máa ń ṣọ́.

Da-on ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àdúgbò orí òkè tó wà lẹ́yìn wa ló ń gbé, níbi tí ilé fún mọ́ra, tí iná ojú pópó kì í sì í tàn. Tó bá ti kúrò nílé ìwé, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, á gbá báàgì mọ́ àyà, á sùn lọ. Ta ló ń sùn níta nínú òtútù? Ìyá Pyo, alága àwọn onílé, ní ẹrù tí wọ́n ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn ni ọmọ náà ń ṣọ́ láti jí. Ó ní kí n wá ẹ̀sùn kan sí i lẹ́sẹ̀, kí a lè lé e.

Ẹ̀sùn náà dé lọ́jọ́ tí a ń kó ohun tí a kò lò mọ́ jáde. Mo rí Da-on tó yọ bàtà ọkùnrin ńlá kan láàárín ohun tí wọ́n dànù, ó tì í bọ inú báàgì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè wọ inú ẹyọ kan. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin kan wà níbì kan tó ń rán an níṣẹ́.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, mo tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀mùtí iwájú ṣọ́ọ̀bù ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Mo rí i tó ki kọ́kọ́rọ́ sáàárín ìka bí ẹni tó mú ọ̀bẹ. Ẹnì kan fẹsẹ̀ gbá géètì, èmi àgbàlagbà fò sókè, òun ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bàtà náà ti wà níbẹ̀, ọ̀kan dojú délẹ̀ bíi pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni.

Mo kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó yọjú, mo ní, "Pe ọkùnrin yẹn jáde."

Da-on ní, "Bàbá, kò sí ọkùnrin kankan. Èmi àti màmá mi nìkan ni, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe."

Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń yí bàtà náà padà, kí àwọn tó máa ń ti ilẹ̀kùn àwọn wò lè rò pé bàbá wà nílé. Wọ́n ti jí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì wa nìkan ni àyà òun kì í ti í já, ibẹ̀ nìkan ni oorun ti ń kun òun.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní kó wá sórí bẹ́ǹṣì lọ́la, tí Ìyá Pyo bá bínú, èmi ni kó bá wí. Mo fẹ́ máa lọ, ó di apá aṣọ iṣẹ́ mi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá mi wúkọ́ díẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin wà nílé."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo wúkọ́ bíi baálé ilé. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, ọmọ ti sùn lọ.