Àyè Ẹní Kan Láàárín Sípíkà Méjì

Kí n tó gbéyàwó ni mo ti ra sípíkà méjì kan tó ga dé àyà mi. Àpọ́n ni mí nígbà náà, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta láràárọ̀ bí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gbowó oṣù nílùú yìí. Mo rò pé ọkùnrin tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, ó yẹ kí ilé rẹ̀ máa mì tìtì tó bá padà dé. Nígbà tí mo wá máa gbéyàwó, yàrá kan àti pálọ̀ ni agbára mi ká ní Òkè-Ìléwó, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A kó àga wọlé, a gbé tábìlì wọlé, a gbé sípíkà wọlé, ó wá ku ìyàwó. Òun náà wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé.

Mo fẹ́ràn àwọn nǹkan yìí débi tó ń tì mí lójú báyìí. Aṣọ kan wà tí mo fi ń nù wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi nu nǹkan mìíràn. Àlejò tó bá wọlé, kó tó jókòó, mo ti ń ṣàlàyé béèsì fún un. Béèsì ọ̀hún ò sì kéré. Alhájà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní gbogbo abọ́ òun ló ń jó lórí pákó. Ìgbà tó kọ́kọ́ gòkè wá sọ ọ́, mo bi í pé orin wo ló wù ú kí n fi sí i.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn ń pè wọ́n ní ìyáálé rẹ̀ méjèèjì. Tí mo bá ti Èkó dé, tí mo lọ tanná sí wọn kí n tó bọ́ bàtà, á ní, “Ẹ kí àwọn ìyáálé mi dáadáa o. Àwọn ló kọ́kọ́ wọlé.” Èmi á rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje, ó ní ìyá òun máa wá bá wa wẹ ọmọ. Ìyá tèmi ti di olóògbé, kò sì sí ẹlòmíràn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ gbọ́dọ̀ ríbi sùn.

Bàbá rẹ̀ ló sọ sí lọ́kàn. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ọdẹ́dá, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Sátidé kan, wọ́n ṣàdédé yọ sí wa, wọ́n fi ẹní ìyàwó wọn há abíyá. Mo fò dìde láti dọ̀bálẹ̀. Àna ni wọ́n, mi ò lè kàn fọwọ́ kanlẹ̀ bí ẹni ń kí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Mo na ara mi gbalaja, àyè ò sì gbà mí. Orí mi wọ abẹ́ tábìlì, èjìká mi kan há mọ́ ara sípíkà, ẹsẹ̀ mi sì ti ilẹ̀kùn.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Bàbá wí.

Mi ò lè dìde. Wọ́n tún un wí. Nígbà tí wọ́n wí i lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, “Ṣé irú ìkíni tuntun kan nìyí ni?” Ìyàwó mi, tòun ti ikùn ńlá, ló wá fa tábìlì kúrò lórí mi.

Bàbá tú ẹní wọn, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo nílẹ̀ ni àárín sípíkà méjèèjì. Ẹní náà tẹ́ dé ìdajì, ìdajì tó kù gun ara sípíkà lọ sókè. Wọ́n wò ó, wọ́n bi ọmọ wọn léèrè.

“Ìyá rẹ á wá gbé ẹsẹ̀ kọ́ sára àpótí yìí sùn ni?”

Mo fẹ́ fi ọkàn wọn balẹ̀. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, sà. Pákó gidi ni. Bí Ìyá bá gbé ẹsẹ̀ lé e, kò ní í bàjẹ́.”

Bàbá ká ẹní náà, wọ́n fi ti ògiri. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n ní ọmọ àwọn á bá àwọn lọ sí Ọdẹ́dá, ibẹ̀ ló máa bímọ sí, torí ilẹ̀ ò wọ́n àwọn. “Mo fi ẹní sílẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ tó bá tẹ́ nínú ilé rẹ láìká, wá mú ìyàwó rẹ. Bí kò bá tẹ́, ọmọ náà á dàgbà lọ́dọ̀ wa, a ò ní í fìyà jẹ ẹ́.”

Ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ fún sípíkà méjèèjì, ó ní, “Ẹ̀yin ìyáálé mi, ẹ bá mi tọ́jú ọkọ wa.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn ṣí ni mo tó rí i pé èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn á ti ta àpótí lọ́jọ́ kejì. Èmi rò pé ọgbọ́n á ṣe é. Mo gbé wọn wọ yàrá, ọ̀kan lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lápá òsì, mo wá ń sùn bí ọba tí ọlọ́pàá ń ṣọ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ò ṣeé ṣí mọ́, ṣòkòtò kan náà ni mo sì ń wọ̀ lọ síṣẹ́. Mo gbé ọ̀kan sí kíṣìnnì, ilẹ̀kùn ò tì. Mo dá a padà sí pálọ̀, mo tẹ́ ẹní, ó ká. Mo tẹ́ ẹ ní ìdábùú, ó tún ká. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi jiyàn bóyá Ìyá tilẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń fi orin ki ara mi láyà, Alhájà kanlẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ abọ́ ni. Ó ní òun ò rí ìyàwó mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo sọ ibi tó lọ, mo sì sọ ìdí ẹ̀. Alhájà fi ètè júwe sípíkà.

“Nítorí ìwọ̀nyí? Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló máa bímọ fún ọ?”

Ó ti sọ̀ kalẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró sí pálọ̀ níwájú mi.

Ọkùnrin kan tó ń fi àga àti kánópì òde àríyá háyà ní Láfẹ́nwá ló rà wọ́n. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará ilé sì jáde tò sára ògiri bí ẹni ń sìnkú. Alhájà ní, “Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.” Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ti ṣe é kí n tó mọ̀.

Ọlọ́jà tí mo lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù sípíkà l'Ókè-Ìléwó pé mo fẹ́ èyí tí kò gba àyè, gbé sípíkà kékeré méjì kalẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò ń lò. Mo wò wọ́n, mo ní, “Àwọn ọmọ nìyí. Ìyá wọn ńkọ́?” Ó ní bí wọ́n ṣe tóbi mọ nìyẹn. Inú ọ̀rá kan ṣoṣo ni mo kó méjèèjì sí lórí ọ̀kadà. Alhájà rí mi lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó bi mí bóyá búrẹ́dì ni mo rà.

Mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ọlọ́jà ṣe júwe, kí ẹnu wọn dọ́gba pẹ̀lú etí mi, mo sì sún mọ́ wọn. Orin àpàlà àtijọ́ kan ni mo fi sí i, èyí tí mo lè kà bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ilé ò mì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí akọrin ṣe mí sínú kó tó gbé orin. Mo gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ní orin yẹn, ọkùnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín, béèsì mi ló bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti ń pe ara mi ní ẹni tó mọ orin, ariwo ni mo mọ̀.

Nígbà tí orin parí, mo gbọ́ ilé. Ẹ̀rọ omi ń kán. Kò sí ẹni tó ń wọ́ sílípáásì ní kíṣìnnì. Àárò ìyàwó mi sọ mí gan-an, omi sì lé sí mi lójú. Mo tẹ́ ẹní, ó tẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kò ká níbì kankan. Ọjọ́ kejì, mo gba Ọdẹ́dá lọ.

Bàbá ò bi mí ní nǹkan púpọ̀. “Ó tẹ́?” Mo ní, “Ó tẹ́, sà.” Wọ́n pe ọmọ wọn pé kó wá di ẹrù rẹ̀.

Abẹ́òkúta níbí ló bímọ sí, obìnrin, àlàáfíà sì ni. Ìyá dé pẹ̀lú àpò gàrí, àpò èlùbọ́, ìkòkò àgbo, agbada, ọpọ́n ìwẹ̀ àti ọlọ, ẹrù wọn sì ga ju sípíkà tí mo tà lọ. Mo wá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ilé mi. Wọ́n fẹ́ràn sípíkà kékeré náà. Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, kì í jágbe, wọ́n sì máa ń ní kí n tàn án tí wọ́n bá ń fi òrí pa ọmọ lára.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo rọra fọgbọ́n bèèrè. Mo ní, “Ìyá, wọ́n á mà ti máa retí yín ní Ọdẹ́dá.”

Wọ́n wo pálọ̀ yíká láti ògiri dé ògiri, wọ́n mi orí.

“Ilé yìí fẹ̀ o, ọmọ mi. Mo ti ní kí bàbá ìyàwó rẹ náà máa bọ̀ wá bá wa.”

Mo yíjú sí ìyàwó mi kó gbà mí. Ó ti fi ojú pamọ́ sára ọmọ, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́.