Iná Tí N Kò Lè Dárúkọ

Mo rántí ariwo náà ju ojú àwọn ọ̀gá mi lọ. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni, ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Wọn kì í jẹ́ kí ó fò. Wọn a dè é mọ́ irin ńlá bí ẹni so àgbò iléyá, wọn a ṣáná sí i, àwa a sá sẹ́yìn ògiri, a ó máa wo ọwọ́ aago tó ń fi agbára rẹ̀ hàn. Èmi ọmọ àgbẹ̀ láti Ìlọ́bù ni mo ń ka ọ̀kan nínú àwọn aago náà, mo sì rò pé ayé kò lè yí bí n kò bá sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ ni wọ́n ti mú mi búra pé n kò ní sọ iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyá tó bí mi.

Nígbà tí mo gba líìfù wá sílé, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló gbé mi wá. Ọmọ Ìfọ́n ni, a ti ń fẹ́ra wa kí n tó rìnrìn-àjò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ba àárín ìlú méjèèjì jẹ́, nítorí náà bí ọmọ Ìlọ́bù bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, wọn a tú u wò dé ìdí. Wọ́n wádìí ìdílé wa, wọn kò rí àbùkù. Ó wá ku iṣẹ́ mi. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bàbá ọmọ náà tọ́ka sí àpá iná tó wà lápá mi, èyí tí mo gbà níbi iṣẹ́.

“Iṣẹ́ ìjọba wo ló ń jóni báyìí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti búra, n kò lè sọ ọ́.”

Ẹnìkan nínú ilé náà ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó a máa fi iná sun òkú wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbà pé òkú ni mo ń sun. Ilé mùsùlùmí ni, wọn kò lè fi ọmọ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi wá bá mi, ó kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Bí kì í bá ṣe òkú, kí lẹ ń sun? Ẹ sọ fún èmi nìkan.”

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi di ẹyin tèmi mú gírígírí. Ta tilẹ̀ ni ì bá gbé àṣírí náà láti Ìfọ́n lọ bá ọ̀tá òyìnbó? Kí líìfù mi tó parí, wọ́n ti fi àfẹ́sọ́nà mi fún ọkùnrin kan ní Ẹ̀rìn, ìlú tó wà nítòsí wa.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ibi iṣẹ́ yẹn pa. Mo fetí ara mi gbọ́ lórí rédíò bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó mú wa búra ṣe ń fi ẹ̀rín ro gbogbo rẹ̀ fún ayé gbọ́. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàdé àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ níbi fìdáù kan ní Ẹ̀rìn. Àwa méjèèjì ti hu ewú. Mo sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ni, pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀, pé kò tilẹ̀ fò rí lójú mi. Ó wò mí títí.

“Ìyẹn náà lẹ kò lè sọ fún mi?”

Mo ní ìyẹn náà ni. Ó mi orí, ó dìde, ó lọ jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Títí di òní, àwọn ènìyàn a máa yìn mí pé mo mọ àṣírí bò. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹnu mi a sì korò.