Tirélà Pupa Koro Hāmuera

Ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá Koro Hāmuera dúró lójú títì ni gbogbo Ōmarino, létí òkun Niu Sílándì, ṣì ń sọ di òní. Bàbá àgbà náà (ohun tí wọ́n ń pè ní koro níbẹ̀ nìyẹn) ń fi mọ́tò fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lórí tirélà. Kì í ṣe tirélà agbépo o. Kékeré ni, onítáyà méjì, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ní òun ń yà sósì, ó ní òun ń yà sọ́tùn-ún, ó tún ní òun fẹ́ dúró, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kereama, ọlọ́pàá ìlú, bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Ẹ káàárọ̀, Koro. Ibo gan-an lẹ̀ ń lọ?"

"Òkun."

"Iná yín ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni àbí iná? Tó bá jẹ́ iná ni, ẹ̀yìn ló wà, lọ bá a."

Kereama lọ sẹ́yìn lóòótọ́, ó wò ó títí, ó mi orí padà wá. "Koro, tí mo bá tún rí tirélà yìí níta pẹ̀lú iná wèrè yìí, màá yọ nọ́ńbà ẹ̀."

"Yọ eyín mi mọ́ ọn. Méjì tó kù yìí ń dà mí láàmú."

Bí Hāmuera ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òjò bá a lóko, ó kọ̀ kò sá. Ó ní òjò ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wojú ọ̀run: ta ló ṣì ń rọ̀?

Ohun kan wà tó fẹ́ràn tẹ̀lé Ngāhuia ìyàwó rẹ̀: tirélà yẹn. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kun ilé ìpàdé ẹbí tán, Hāmuera á tọrọ ọ̀dà pupa tó bá ṣẹ́kù, á fi kun tirélà. Kì í kùn ún bí ọ̀lẹ. Á tú gbogbo bóòtù tó so irin rẹ̀ pọ̀, á kun abẹ́ wọn, kó tó dì wọ́n padà. Á ní, "Ẹlòmíràn ń kun ojú. Èmi ń kun abẹ́ èékánná."

Ọ̀sẹ̀ tí Kereama halẹ̀ yẹn gan-an ni Mereana, ẹ̀gbọ́n Hāmuera obìnrin, kú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìpàdé, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú. Ẹni tó bá wá sunkún níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ láìjẹun. Láti ìgbà tí irun ti hù lágbọ̀n Hāmuera, òun ló máa ń pa ẹja táwọn àlejò òkú ń jẹ. Òkun wà ní òdì kejì òkè, Kereama sì wà lójú ọ̀nà.

Àwọn ẹbí ní, "Koro, ẹ jẹ́ ká kúkú ra ẹja nílùú."

"Ẹja yìnyín? Fún Mereana? Ẹni tó tì mí sómi kí n lè mọ̀wẹ̀? Ó máa dìde nínú pósí yẹn ni!"

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ pa á."

"Ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn ló kú ni?"

Ó bá dojú ìjà kọ iná. Ó pààrọ̀ gúlóòbù. Tuntun ya wèrè bíi ti àtijọ́. Ó fọ ẹnu wáyà tó ń wọ inú mọ́tò títí ó fi ń dán. Ó yá mọ́tò aládùúgbò, ó so tirélà mọ́ ọn, iná tún ń ṣẹ́jú sósì sọ́tùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá gbà pé ara tirélà ni àìsàn wà. Hāmuera ní mọ́tò òun ti kó o ran ti aládùúgbò.

Ngāhuia ti jókòó ti ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Baálé mi, mo máa ń rí iná yẹn nínú gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Tá a bá ń gòkè, wèrè. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, orí ẹ̀ a pé."

"Ó dáa náà. A óò máa sọ̀ kalẹ̀ nìkan."

"Ta ló máa wá gbé òkè kúrò?"

Hāmuera bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ibi tí tirélà ti gbé orí lé ìdí mọ́tò. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, tirélà a ti mọ́tò, irin a kan irin. Ó mú wáyà kan, ó fi so ara tirélà mọ́ ara mọ́tò. "Tẹ bíréèkì." Ngāhuia tẹ̀ ẹ́. Iná pupa méjèèjì tàn, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó.

Iná tó bá jáde nílé, ìyẹn bátìrì, gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sílé. Wáyà tó yẹ kó dá a padà wà lábẹ́ bóòtù kan, ọ̀dà ọdún gbọọrọ sì ti dí àárín rẹ̀ àti irin, ó nípọn bí awọ màlúù. Àyàfi tí irin bá kan irin ní ìsọ̀kalẹ̀, iná òsì kò rọ́nà, ló bá ń gba ojú ọ̀tún kọjá.

Ngāhuia ká apá mọ́ àyà. "Ta ló kun ibẹ̀?"

Hāmuera kọjú sí òkè. "Ọ̀dà ayé ìsìnyí ni. Ọ̀dà kì í rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó fi ọ̀bẹ ìdáná ha abẹ́ bóòtù náà títí irin fi funfun. Ó wá gba iwájú àgọ́ ọlọ́pàá kọjá, ó yípo, ó tún kọjá, ó ń fi iná sọ pé òun ń yà sósì níbi tí kò sí ọ̀nà. Kereama jáde síta.

"Koro, ẹ ti tún un ṣe!"

"Èmi kẹ̀? Iná ló wá bẹ̀ mí."

Àwọn àlejò Mereana jẹ ẹja títí wọ́n fi ń tú bẹ́líìtì.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí Hāmuera fúnra rẹ̀ kú, orí tirélà náà ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí. Hinewai ọmọ rẹ̀ ti kùn ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe kọ́ ọ: ó tú bóòtù gbogbo, ó kun abẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, iná ní òun ń yà sósì, òun ń yà sọ́tùn-ún, òun fẹ́ dúró. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo èrò bá bú sẹ́rìn-ín. Kereama, tó ti hewú, sáré wá pẹ̀lú ọ̀bẹ láti ha abẹ́ bóòtù.

Ngāhuia dì í lọ́wọ́ mú. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Kò tíì gbà pé ẹ̀bi òun ni."

Wọ́n dé téńté òkè. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ibojì ń sọ̀ lọ sétí òkun. Tirélà rọra ti mọ́tò, irin kan irin, iná méjèèjì sì dákẹ́, wọ́n pọ́n rokoso láìṣẹ́jú. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu èrò. Ngāhuia gbé ọwọ́ lé ìdérí pósí, ó ń bá a rìn.

"O ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ó di sísọ̀ kalẹ̀ nìkan."