Olú Tí Wọ́n Ní Ó Hù Sí Mi Láyà

Mo húkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ohun kan sì jáde lẹ́nu mi tó dà bí irú. Mo wò ó títí. Ó dúdú, ó le, ó sì ń fà. Mi ò jẹ irú lálẹ́ àná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí.

Ikọ́ sémìísémìí, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní asímù, kì í ṣe àlejò lára mi. Láti kékeré ló ti ń wá tó sì ń lọ: àyà á fún pọ̀, èémí á máa súfèé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kò lọ mọ́. Ibà kún un. Mo rù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú kelebe, ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀, gbé ọmọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ máa wò ó láti ibẹ̀ yẹn."

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ikọ́ tó máa ń ran gbogbo ilé. Kò jẹ̀bi. Mo juwọ́ sí ọmọ ọmọ mi bí ẹni tó ń dágbére fún ọkọ̀ ojú irin.

Gbodo ni mò ń rà, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Mò ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ṣábẹ, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Kútọnu. Imú ni mo fi ń rà á. Màá ti orí bọ inú àpò, màá fa èémí dé ìsàlẹ̀ ikùn, màá sì mọ èyí tó gbẹ àti èyí tí òjò ti fọwọ́ kàn. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún imú mi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, yàrá wa tóbi jù fún ènìyàn kan, mo bá kó àwọn àpò náà síbẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn títí ìdí fi kú. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi á húkọ́, èmi náà á dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa títí di ọ̀sán. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n yẹ kelebe wò: kì í ṣe jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Wọ́n kán omi kan sí mi lápá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀ láti mọ ohun tí ara mi kò gbà, ó sì wú bí ẹni pé agbọ́n ta mí. Dókítà, òyìnbó Faransé kan, wá sọ̀rọ̀ gígùn. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé, Faransé mi kò sì kọjá ti ọjà. Olùtọ́jú aláìsàn kan, ọmọ Àjàṣẹ́, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Bàbá, wọ́n ní olú ló wà láyà yín. Ẹ yàgò fún un."

Wọ́n fún mi ní oògùn kan tó ń jẹ́ kọrítísóònù, mo sì padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Àlàbá, ló ń tọ́jú mi.

"Olú wo ni?"

"Wọn ò sọ."

"Ṣé èyí tí à ń jẹ ni, àbí èyí tó ń pa ènìyàn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bi wọ́n."

"Àjàní, o lọ títí dé Kútọnu, o ò bi wọ́n."

Ó ní olú kì í hù níbi gbígbẹ. Ó gbé mi sí oòrùn níwájú ilé, ó ní kí n la ẹnu. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ń kí mi, mi ò lè dáhùn. Òun ló ń dáhùn fún mi: "Ẹ má bínú, ó ń sá olú ni." Bí ààrá bá sán, á ní kí n tètè pa ẹnu dé. Àbẹ̀kẹ́ bèèrè láti ẹnu ọ̀nà bóyá olú ní hóró tó lè fò bá ọmọ. A jọ rò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Oògùn náà mú ara mi fúyẹ́, ó sì mú kí ebi máa pa mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ibùdókọ̀ ojú irin yọ̀ mọ́ mi.

"Ìyàwó tuntun náà ń tọ́jú rẹ o."

"Oògùn ni."

"Oògùn náà, ọmọ ta ni?"

Mi ò fẹnu kan olú rárá. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ti orí bọ àpò, mo sì ń sùn ti gbodo, nítorí ara igi àti orí ọ̀gán la mọ̀ tí olú ń hù sí. Bí mo ṣe ń dín oògùn kù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ikọ́ náà padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, mò ń wá èémí. Ìhà mi ń ro mí bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Mo rò pé mò ń lọ bá ìyàwó mi, mo sì ṣàkíyèsí pé mi ò tíì fẹ́ lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì tí mo dé Kútọnu, dókítà bèèrè iṣẹ́ mi. Mo fi hàn án: mo ti imú bọ inú fìlà mi, mo fa èémí gidi. Dókítà dìde. Ó jáde, ó sì mú búrẹ́dì kan wá tí irun funfun àti àwọ̀ ewé ti bò. Ó nawọ́ sí i.

"Ṣáńpíyọ̀n."

Mo wo búrẹ́dì, mo wo olùtọ́jú. "Èyí kì í ṣe olú. Ó bu ni."

Ọmọ Àjàṣẹ́ náà fọwọ́ bo ojú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó bu ni."

Orúkọ kan náà ni Faransé fi ń pe olú àti ohun tó ń hù lára oúnjẹ tó bu. A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.

Àlàyé dókítà nìyí, bó ṣe yé mi. Ekuru wà lára ohun tó bu, ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Gbogbo ènìyàn ló ń fà á símú, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ wọn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí há, kelebe sì pọ̀ níbẹ̀. Ekuru náà á jókòó sínú kelebe, á hù níbẹ̀, kelebe á sì dì bí irú; ara á wá dìde bá ekuru náà jà. Ìjà yẹn gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, oògùn náà sì ń pẹ̀tù sí i. Kì í ran ẹlòmíràn.

Mo kó àpò kúrò ní yàrá. Ìyá Àlàbá ló ń bá mi gbóòórùn gbodo báyìí, ó sì ń sọ fún gbogbo àgbẹ̀ pé tiwọn ti bu. Mi ò ní sọ pé àìsàn náà ti tán. Bí ọyẹ́ bá dé, àyà mi ṣì ń súfèé, mi ò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró lójijì. Ẹ̀yin tí ikọ́ sémìísémìí yín kọ̀ tí kò lọ, ẹ má sọ ohun tí ẹ jẹ nìkan fún dókítà. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fà símú pẹ̀lú.

Àbẹ̀kẹ́ wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ lé mi láyà, ó ní òun fẹ́ lọ fọ aṣọ. Ọmọ náà ti wúwo. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ara mi yìí kò gbọ́ràn, àṣé ó ń jà fún mi ni, ó kàn jà jù. Mo mí sínú, ọmọ gòkè. Mo mí síta, ó sọ̀kalẹ̀. Ó rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì tún mí fún un.