Fèrèsé Wa Lábẹ́ Ìkùukùu

Ọmọ mi ń gbẹ́ pẹ́ńsù lórí tábìlì wa ní Randburg, òórùn igi rẹ̀ sì gbé mi padà sí fúláàtì wa àtijọ́ ní Joubert Park, lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ya àwòrán ìlú wa, Johannesburg.

Mo to àwọn ilé gíga, mo kun ìkùukùu lé wọn lórí, mo sì fi ìka ra á títí ìka mi fi dúdú. Òórùn èéfín wà lára aṣọ màmá mi. Mo rò pé oúnjẹ ló jóná.

Ìyá kan tó máa ń ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wa. Ó gbé bébà mi, ó dijú. "Ìyá Títí, ọmọ yìí ti rí i. Èéfín ogun nìyí. Ẹ di ẹrù yín, kí ẹ máa lọ sílé, sí ìlú tí ẹ ti wá."

Mo ní, "Òjò ni mo yà."

"Ẹ ò gbọ́, Màmá? Òjò ni," ni màmá mi wí. "Ibí náà nilé wa."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ń lé àjèjì dáná sun ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń dirun.

Lọ́sàn-án yẹn, màmá mi ti pẹ́ńsù mi bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ya fèrèsé wa sí i. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó má ṣeé pa rẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dá bébà náà lu. Màmá mi gbé e kọ́ sára gíláàsì fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba ihò fèrèsé tí mo yà wọlé.