Kòkànyín, Ajá Tí Àtọ́kẹ́ Fi Wàrà Ewúrẹ́ Tọ́

Láyé tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba ní Bouaké, ìlú kan tó jìnnà sílẹ̀ Yorùbá, kí ogun Hítílà tó dé, bóyá ni obìnrin kan wà ní àdúgbò Ahougnansou tó kórìíra ìdọ̀tí tó Àtọ́kẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àmínù ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti ilé. Aṣọ ni ọkọ ń tà, abọ́ tánganran àti díńgí ni ìyàwó ń tà, ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń ná. Bí Àtọ́kẹ́ bá gbálẹ̀ láàárọ̀, á tún un gbá lọ́sàn-án. Bí ewé máńgòrò kan bá já bọ́ lẹ́yìn ìyẹn, á wo ewé náà bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. Ewúrẹ́ nìkan ló fún láyè nínú ọgbà rẹ̀, nítorí pé Kùdírátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló fi ewúrẹ́ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Látìgbà tí Kùdírátù ti lọ ni ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìgbálẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ajá ńkọ́? Ajá kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Akísì, obìnrin Baoulé, ẹ̀yà ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ta iṣu, ni aládùúgbò tí ọgbà rẹ̀ bá ti Àtọ́kẹ́ pààlà. Ó ní abo ajá pupa kan. Bí ajá yìí bá ti yọ imú láàárín igi ọgbà, Àtọ́kẹ́ á na ọwọ̀ sókè, ajá á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni àwọn obìnrin méjèèjì. Èdè Júlà tí gbogbo ọjà ń sọ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ pẹ́ débi pé ẹ̀rín wọn pàápàá ti dọ́gba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ohùn Akísì ta láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

“Ìyá Kùdí! Ìyá Kùdí, gbà mí!”

Àtọ́kẹ́ sáré jáde. Akísì dúró, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó bu omi. Ejò ló ṣán ajá rẹ̀ nídìí igi ìdáná. Ajá ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò sì ti pa àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àfi ẹyọ kan yìí. Ó la ọwọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èkúté lọ, ojú rẹ̀ ṣì dì pa, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ó sì ń mì tìtì.

“Ìyá mi ń ṣàìsàn ní Brobo,” ni Akísì wí, “ọkọ̀ sì ti ń dúró dè mí. Ewúrẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wàrà rẹ̀ nìkan ló lè gba èyí là.”

“Èmi kẹ̀? Ajá kẹ̀? Akísì, ṣé o ti gbàgbé pé Mùsùlùmí ni mí ni?”

“Mi ò ní kó o jẹ ẹ́. Mo ní kó o fún un lóúnjẹ ni.”

Kí Àtọ́kẹ́ tó mọ̀, ọmọ ajá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi imú wá nǹkan kiri láàárín ìka rẹ̀. Ó bá ọmọńdinrín pàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Àtọ́kẹ́ fẹ́ dá a padà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

“Jẹ́ kí ara rẹ̀ máa móoru,” ni Akísì ń sọ bó ṣe ń lọ. “Bó bá ti mu wàrà tán, fi aṣọ tó o ti bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún níkùn títí dé ìdí. Bí o kò bá nù ún, kò ní lè tọ̀. Ahọ́n ìyá wọn ló ń ṣe é fún wọn.”

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó kórìíra ìdọ̀tí di ẹni tó ń nu ìdí ajá.

Àtọ́kẹ́ mú igbá kan, ó tẹ́ àlòkù aṣọ sínú rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ààrò níbi tí ooru ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lọ fún wàrà lára ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tapá, wàrà dà sí i lára, ó tún un fún. Ó wá na ọmọ ajá gbalaja, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ tuntun lágbo, ó sì kán wàrà sí i lẹ́nu. Háà! Wàrà gba imú jáde. Ọmọ ajá sín, ó há, ara rẹ̀ sì dẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Láìláhà-ílàllà! Mo ti pa á!”

Ó yára dà á dojú bolẹ̀, ó ń fi ìka méjì gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ ajá sín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Kò sí orin tó dùn létí Àtọ́kẹ́ tó igbe yẹn. Ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọ ajá kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mu ọmú. Láti ìgbà náà lọ, ó ń tẹ́ ẹ dojú bolẹ̀ sórí itan, á ti òwú bọ inú wàrà, á fi sí i lẹ́nu, ọmọ ajá á sì máa fà á, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kékeré á máa tẹ itan náà bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun.

Nírọ̀lẹ́, Àmínù ti ọjà dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ìrun ṣeré. Ó na etí.

“Kí ló ń ké nínú igbá yẹn?”

“Ọmọ ni, Bàbá Kùdí.”

“Ọmọ ta?”

“Ọmọ ajá.”

Àmínù ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. “Àtọ́kẹ́! Nínú ilé tí mo ti ń ṣe àlùwàlá?”

“Ìyá rẹ̀ ti kú.”

“Mo gbọ́. Ṣé ìwọ lo pa á ni?”

Àtọ́kẹ́ tún ti òwú bọ inú wàrà. Ó ń fi òwú sí ọmọ ajá lẹ́nu lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àmínù lọ pe Alùfáà Jàfárù, àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ Ànàgó ní kéwú. (Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo Yorùbá.) Alùfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́ igbá, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àmínù, itọ́ rẹ̀ ni kó o ṣọ́, kó má kan aṣọ tó o fi ń kírun. Bó bá kàn án, fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mìí tí ebi ń pa, ẹni tó bá fún un ní nǹkan mu, láádá ló gbà. Ṣé o fẹ́ gba láádá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ ni?”

“Rárá o, Alùfáà,” ni Àmínù dáhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rìn wọ yàrá mi.”

“Kò tíì lè rìn, Bàbá Kùdí. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Níwọ̀n bí ọmọ ajá ti ń fẹ́ jẹun ní gbogbo ìgbà, kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé. Àtọ́kẹ́ gbé e sínú abọ́ ńlá kan, ó fi aṣọ bò ó, ó rù ú lọ sọ́jà, ó sì gbé e sáàárín àwọn abọ́ yòókù. Wàrà wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀ràn ń lọ wẹ́rẹ́ títí oníbàárà kan, obìnrin Júlà sísanra kan, fi ní ìdí abọ́ ńlá yẹn ni òun fẹ́ wò bóyá kò ní ihò. Kí Àtọ́kẹ́ tó sọ pé kó dúró, ó ti ṣí aṣọ. Igbe tó ké, àwọn tó wà ní ibùdó rélùwéè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Gbogbo ọjà pé jọ.

Sìdíkátù ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà, gèlè ló ń tà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé ti Àtọ́kẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo.

“Ẹ wá wòran o! Ọmọ lọ sílé ọkọ, ìyá ti fi ajá dípò! Àtọ́kẹ́ tí kì í jẹ́ kí ewé bọ́ sílẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ bá wọn rín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó ń nu ọmọ ajá níkùn lọ́jọ́ náà ni ọgbọ́n kan sọ sí i. Ẹni tó bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ń fi orúkọ ajá ṣe. Ohun tí èèyàn kò lè wí lójú aládùúgbò, á fi sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, á sì máa pè é sókè.

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù na ọrùn. “Àtọ́kẹ́, ọmọ wa ńkọ́? Kí lẹ sọ ọ́?”

“Kòkànyín.”

“Mo ní kí lorúkọ rẹ̀?”

“Mo ti sọ fún ọ. Kòkànyín.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Sìdíkátù. Àwọn tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yé e, ó fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, kò lè bínú. Ó ní, “O bá mi wí, o sì bá mi wí dáadáa.”

Ojú Kòkànyín là ní àárọ̀ kan, ó rí bí omi aró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sínú oòrùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Kòkànyín ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ lọ bá a, ó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú. Ewúrẹ́ fò dìde. Ó gbóòórùn rẹ̀ lórí, ó gbóòórùn rẹ̀ ní ìdí. Òórùn wàrà tirẹ̀ ló ń gbọ́ lára nǹkan kékeré yìí. Ó rò ó wò, ó sì tún dùbúlẹ̀.

“Bàbá Kùdí! Ẹ wá wo nǹkan!”

Àmínù, tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, jáde pẹ̀lú apá tútù. Ó dúró wò, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. “Subuhánállà,” ló wí. Ó di dandan kó tún àlùwàlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò rántí ibi tó bá a dé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Kòkànyín ti gbà pé ewúrẹ́ lòun. Ó ń fi orí kan ọmọ ewúrẹ́, ó ń gun orí odó, ó ń jẹ èèpo iṣu. Bí àwọn ewúrẹ́ bá jáde, á tò sẹ́yìn wọn. Kì í gbó rárá. “Ewúrẹ́ Ànàgó” ni àwọn ará Ahougnansou ń pè é.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbó, Àmínù ló gbó mọ́. Ọkùnrin náà ti mọ́ṣáláṣí dé nínú agbádá tuntun, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ó wú bámúbámú. Kòkànyín rí i, ó ní, “Wáù!” Ohùn ara rẹ̀ bà á lẹ́rù, ó sá wọ abẹ́ ewúrẹ́, ìrù nìkan ló kù síta. Àmínù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ó mú eegun kan bọ̀ láti ọjà, ó wé e sínú ewé.

“Ẹlẹ́ran ló fi ṣe èènì fún mi,” ló wí, láìwo ojú ìyàwó rẹ̀. “N kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.”

Ara ìyá Akísì yá, ó sì padà dé láti Brobo. Ó rí ajá pupa tó ń fi orí kan ọmọ ewúrẹ́, ó di ìdí igi ọgbà mú, ó ń rẹ́rìn-ín kò lè dúró. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun á mú un lọ sóko iṣu, á di ajá gidi. Àtọ́kẹ́ kò lè sọ pé rárá, torí ajá Akísì ni. Ó wọlé, ó ń to abọ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí àwọn ewúrẹ́ ń bọ̀ wálé, ta ló tò sẹ́yìn wọn? Kòkànyín ni, pẹ̀lú okùn Akísì tó já lọ́rùn rẹ̀. Akísì tọ̀ ọ́ wá, ó ń mí hẹlẹ.

“Fi í sílẹ̀,” ló wí. “Ó ti di Ànàgó.”

Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ló yọ igi méjì nínú ọgbà kí ajá lè máa gba ibẹ̀ ṣọ́ ilé méjèèjì. Nígbà tí Akísì ra abo ajá mìíràn, tí ìyẹn sì bímọ fún Kòkànyín, Sìdíkátù ló kọ́kọ́ wá tọrọ ọ̀kan. Ó sọ tirẹ̀ ní Ótikànmí.

Òkìkí Àtọ́kẹ́ kàn débi pé ohunkóhun tó bá ti sọ ìyá nù, ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Òròmọdìẹ wá, àgùntàn wá, ó gbà wọ́n. Sójà kan wá gbé ọmọ ọ̀bọ dé lọ́jọ́ kan. Ọ̀bọ wo àwọn abọ́ tánganran, ó na ọwọ́, ó sì gbé díńgí kan, ó ń wo ara rẹ̀. Àtọ́kẹ́ gba díńgí lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Má bínú, ọmọ mi,” ló sọ fún sójà náà. “Èyí tó ní ọwọ́, mi ò lè tọ́ ọ.”