Ẹsẹ̀ Àga Ọkọ Ìyá Olùkọ́

Àǹtí Onígi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí o bá wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, igi lo máa kọ́kọ́ rí, igi náà lo sì máa rí gbẹ̀yìn. Ọ̀pá ìpẹja ló ń ṣe, irú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fúyẹ́, tí àwọn tó ń pẹja fún ìgbádùn fi ń ju ìdẹ kékeré sójú omi, ìdẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe kí ó lè jọ eṣinṣin. Nísàlẹ̀ ọ̀pá bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ni kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn ń jókòó sí. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ yìí ni Àǹtí Onígi fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹja kò bìkítà bóyá ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀pá á máa wò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹja bá kọ̀ tí kò gbé ìdẹ mì, ìgbà bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe díẹ̀.

Yíyan ohun tí wọ́n máa fi ṣe é kì í ṣe ohun à ń kánjú sí. Àwọn kan fẹ́ ìwo ẹfọ̀n. Àwọn mìíràn fẹ́ kókó ara igi, èyí tí ọnà rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Igi gbígbẹ máa ń parọ́, àwọ̀ eérú ló máa ń gbé sójú. Nítorí náà Àǹtí á fi itọ́ sí orí ìka, á fi ra igi náà, àwọ̀ tí fánìṣì máa mú jáde á sì hàn. Oníbàárà kan rí i níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó bi í bóyá igi náà dùn. Àǹtí ní kò dùn tó ti àná.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Bí o bá rán an ní omi, á ti dé kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́, bí ìdajì omi náà tilẹ̀ ti dà sílẹ̀ lọ́nà. Àǹtí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ náà mú títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi. Nígbà tí ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àǹtí, ó fi ihò lílu àti ẹ̀rọ tí ń yí igi sílẹ̀ fún Kíákíá, òun sì di yíyan igi àti fánìṣì mú. Kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò mọ́. Ohun tí Kíákíá bá ti sọ, abẹ gé e.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Ìyá Olùkọ́ wá sọ́dọ̀ wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ tó kọ́ ọ ní ẹja pípa sì ti kú. Ó tú gèlè àtijọ́ kan, ó mú ẹsẹ̀ àga jáde láti inú rẹ̀. Àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ikán ti jẹ èyí tó kù tán. Lára ẹsẹ̀ àga náà, ibì kan wà tó jóná, ó dúdú, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ó sọ fún Àǹtí pé àwọn méjèèjì jà gan-an lórí ibi tó jóná yẹn. Ọkọ rẹ̀ ti búra pé òun kò fa sìgá mọ́, ó wá ní mànàmáná ló jó àga. Ìyá náà bi í léèrè irú mànàmáná wo ló ń wọ abẹ́ òrùlé wá wá ẹsẹ̀ àga. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń nu ojú. Ó fẹ́ kí wọ́n fi igi náà ṣe ìjókòó kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pá tuntun tí wọ́n máa ṣe fún òun, kí ibi tó jóná sì hàn síta.

Àǹtí fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí wọ́n máa gé. Ó kìlọ̀ fún Kíákíá pé igi tó ti gbó báyìí kò fẹ́ ìwàǹwára: kí ó fi okùn dì í, kí ó kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín, kí ó tó máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kíákíá ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó gbé e padà wá, ó ti di róbótó, ó ń dán, ibi tó jóná sì wà láàárín gbùngbùn. Àǹtí yìn ín títí. Ó fi fánìṣì kùn ún, ó so ó mọ́ ọ̀pá, ó sì ránṣẹ́ pe Ìyá Olùkọ́. Ìyá náà gbé àtàǹpàkò lé ojú ibi dúdú yẹn.

“Ṣé òun náà nìyí?”

“Òun náà ni, mà,” ni Àǹtí wí. “Mo fi orí mi búra.”

Ìyá náà gbá ọ̀pá náà mọ́ra, ó sì lọ sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹni tó ń sin adìyẹ ní ojúlé kejì wá tọrọ ẹ̀há igi tó máa tẹ́ sábẹ́ adìyẹ rẹ̀. Àǹtí ń dà á fún un láti inú àpò nígbà tí nǹkan ró gbì nílẹ̀. Igi méjì ni. Ó fi wọ́n kan ara wọn, wọ́n bá ara wọn mu. Ó rí àmì pẹ́ńsù tirẹ̀. Ó rí ibi tó jóná, ìdajì lára èyí, ìdajì lára ìkejì.

Kíákíá ń di òwú mọ́ ọ̀pá kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wọn síwájú rẹ̀.

“Ó là mọ́ mi lọ́wọ́,” ló sọ, kò gbójú sókè.

“Igi máa ń là. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ máa ní mo kánjú ni.”

“Ṣé o kò kánjú?”

Kíákíá fa òwú náà le. Àǹtí wá bi í nípa ibi dúdú tó wà lára èyí tí wọ́n gbé fún Ìyá Olùkọ́.

“Mo wá igi tó jọ ọ́, mo fi ìṣó gbígbóná jó o.” Ó wá gbójú sókè, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ ò rí i pé ó dáa? Ẹ̀yin gan-an ò mọ̀. Inú ìyá yẹn dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ta wá ló pa lára?”

Ẹ̀rín yẹn ló wọ Àǹtí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Igi tó là kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó lè là mọ́ òun náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti jókòó ti iná, ó ti fara balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń ronú bí òun ṣe máa tan ojú tó kọ́ òun níṣẹ́ jẹ. Ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi orí búra. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Nígbà tí Àǹtí ní òun ń lọ sọ fún Ìyá Olùkọ́, tó sì wé igi méjèèjì sínú aṣọ, Kíákíá rí i pé kò ṣàwàdà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ máa lọ, kí ó ṣáà sọ pé iṣẹ́ náà ló bàjẹ́, kí ó má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Olùkọ́ ti fi ọ̀pá náà kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá a gbà mọ́ Àǹtí lẹ́nu. Ó kó igi méjèèjì sórí ẹsẹ̀, ó ń fi wọ́n kan ara wọn, ó tún ń yà wọ́n.

“Ta ló jó èyí tó wà lára ògiri?”

Àǹtí lè sọ pé, “Àwa ni.” Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

“Àbúrò mi ni, mà. Èmi ni mo sì búra fún yín.”

“Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé ọwọ́ lé e,” ni ìyá náà wí. “Mo máa ń bá ọkọ mi tún ìjà wa jà. Àṣé ìṣó ni mo ń bá jà.”

Àǹtí ní òun lè fi gọ́ọ̀mù lẹ igi àkọ́kọ́ pọ̀, kí ojú ibi tó là má hàn rárá.

“Rárá. Jẹ́ kí ó là. Ó là lóòótọ́.” Ó yọ ọ̀pá náà kúrò lára ògiri, ó nà án sí i. “Gbé tìrẹ lọ.”

Kíákíá ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àǹtí dé. Ó rí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti sọ ọ́.

“Ṣé ẹ dárúkọ mi?”

“Mo dárúkọ rẹ.”

“Ẹ tà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ mi, ẹ tà mí fún ẹni ẹlẹ́ni.”

Àǹtí wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì gba ohun tó sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó pẹ̀lú ọ̀pá tí kò sí ẹni tó ni ín mọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.